Ní Ìwọdò Jọ́dánì: Ẹ̀kọ́ lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Hébérù inú Bíbélì Yorùbá

Bíbélì kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 12:1–6, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:1–11

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, èrò mi ni láti kọ nípa ìtàn ilé ìsìn wa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn tí ó mú mi yí èrò padà.

Arábìnrin kan wá bá mi ní ilé. Òun náà jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tiwa. Ó ti ń wá ojú Olúwa fún ọmọ láti ọdún mọ́kànlá. Kò wá tọrọ àdúrà lọ́dọ̀ mi. Ìbéèrè ni ó mú wá. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ohun tí ó dínà àdúrà rẹ̀ ni orúkọ tí ó fi ń gbà á. Wọ́n ní "Jésù" kì í ṣe orúkọ Olúwa, pé ẹni tí kò bá fi èdè Hébérù pè É, kí ìró rẹ̀ sì pé pérépéré, afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wá kọ orúkọ méje fún un sórí ìwé pélébé kan, wọ́n ní kí ó máa pè wọ́n ní ọ̀gànjọ́ òru, kí ó má sì ṣi ẹyọ kan pè. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi. Ó ní, "Bàbá, gbogbo àdúrà tí mo ti gbà láti ìgbà èwe mi, títí kan èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣé òfo ni gbogbo rẹ̀?"

N kò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Ohun tí a jọ yẹ̀ wò ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀rù yìí ń bà. Ẹ jẹ́ kí á mú un ní ìpele ìpele.

1. Ọ̀rọ̀ kan tí ó pa ènìyàn

Jẹ́fútà ará Gílíádì ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ Ámónì. Dípò kí àwọn ará Éfúráímù bá a yọ̀, wọ́n bínú pé kò pè wọ́n sí ogun náà, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò dáná sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Báyìí ni ìjà abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Gílíádì borí. Nígbà tí àwọn ará Éfúráímù ń sá padà sí ìlú wọn, wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Gílíádì ní ìwọdò Jọ́dánì, níbi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ẹnìkan bá dé, wọn a bi í bóyá ará Éfúráímù ni. Bí ó bá sẹ́, wọn a ní kí ó pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Ṣíbólẹ́tì. Ahọ́n Éfúráímù kò lè pe ìró àkọ́kọ́ yẹn. Síbólẹ́tì ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì ti pa á. Ẹgbàá mọ́kànlélógún, èyí ni 42,000 ènìyàn, ni ó ṣubú ní àkókò náà.

Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ṣírí ọkà ni. A sì tún máa ń lò ó fún omi tí ń ṣàn. Ẹ wò ó pé kò sí ẹni tí ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìwọdò náà. Ìró nìkan ni wọ́n ń wá. Níbi tí ìró bá ti borí ìtumọ̀, tí a sì fi ń ya ẹni ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni ikú, ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé ibùsùn yóò rántí bí a ṣe ń fi àwọn ọmọ Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́ pé "isu" ni wọ́n ń jẹ, àwa sì ń jẹ "iṣu". Ẹ̀rín ni tiwa mọ. Ní Jọ́dánì, idà ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Nígbà tí àwọn Júù tí ń gbé láàrin àwọn Gíríkì túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríkì, ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí a tó bí Olúwa wa, wọn kò lè kọ ìtàn yìí bí ó ti rí. Èdè Gíríkì kò ní lẹ́tà fún ìró "ṣ". Wọ́n ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá lè kọ ọ́ láìsí ìṣòro: àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà "s" ti tó. Àmì yẹn jẹ́ ara ogún tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni ó di àlùfáà ní 1843, tí ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí ó ṣe jáde ní 1850, tí odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi fóònù kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ẹ rántí ìwọdò Jọ́dánì. Ẹ̀mí ènìyàn ti so mọ́ àmì yẹn rí.

2. Bí orúkọ ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mú ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan wọ inú òmíràn. A lè túmọ̀ rẹ̀, bí a ti pe "Elohim" ní Ọlọ́run. A sì lè yá ìró rẹ̀, kí a fi lẹ́tà tiwa kọ ọ́, bí a ti ṣe sí "Sela" àti "Àmín". Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, ìró wọn ni a sábà máa ń yá. Ṣùgbọ́n ìró tí a yá kì í dé ilé bí ó ti jáde lọ́hùn-ún, nítorí ahọ́n tí ó gbé e ni yóò pa á láró.

Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tí à ń pè ní Sólómọ́nì, Shelomoh ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é. Sámúẹ́lì ni Shemuel. Sámúsónì ni Shimshon. Jerúsálẹ́mù ni Yerushalayim. Gbogbo wọn ni ó ní ìró "ṣ" ní èdè Hébérù, tí ó sì sọ ọ́ nù sí ọwọ́ Gíríkì lójú ọ̀nà. Láti Gíríkì wọ́n bọ́ sí Látìn, láti Látìn sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn orúkọ mìíràn bí Jóṣúà, Èlíṣà àti Ṣílò kò sọ tiwọn nù, nítorí àwọn olùtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà lọ mú wọn láti inú Hébérù fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, èdè Yorùbá náà béèrè owó ibodè tirẹ̀. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra láìfi fáwẹ̀lì là wọ́n. Kò ní "v", kò sì ní "z". Nítorí náà ni David fi di Dáfídì, tí Bethlehem sì di Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Bí àlejò bá wọ ìlú, aṣọ ìlú náà ni yóò rà wọ̀. Àlejò náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sórí orúkọ tí ó mú arábìnrin wa wá. Orúkọ Hébérù náà ní kíkún ni Yehoshua. Gbòǹgbò rẹ̀ ni "gba là", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Olúwa ni ìgbàlà. Òun ni orúkọ Jóṣúà ọmọ Núnì. Nígbà tí àwọn Júù padà dé láti Bábílónì, wọ́n ti ń gé e kúrú sí Yeshua. Ẹ ṣí Ìwé Hágáì 1:1, ẹ ó rí olórí àlùfáà kan tí ń jẹ́ Jóṣúà. Ẹ ṣí Ẹ́sírà 2:2, ẹ ó rí ọkùnrin kan náà, Jéṣúà ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Nínú Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn Hébérù fúnra wọn, orúkọ yìí ti ní ọ̀nà méjì tí a ń gbà pè é, àlùfáà náà sì ń jẹ́ méjèèjì.

Àwọn Gíríkì kò ní "ṣ", wọ́n fi "s" dípò. Orúkọ ọkùnrin sì sábà máa ń parí sí "s" lọ́dọ̀ wọn. Báyìí ni Yeshua ṣe di Iēsous. Láti ibẹ̀ ni ó ti di Iesus ní Látìn, ó sì di Jésù ní ọ̀dọ̀ wa. Ta ni ó kọ́kọ́ kọ Iēsous nípa Olúwa wa? Kì í ṣe àwọn òyìnbó. Mátíù ni, Máàkù ni, Lúùkù ni, Jòhánù ni, Pọ́ọ̀lù ni. Àwọn tí ó bá A jẹun wà nínú wọn. Èdè Gíríkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Titun, wọ́n sì kọ orúkọ Rẹ̀ bí Gíríkì ti ń pè é láìbẹ̀rù. Bí ìró Hébérù bá jẹ́ dandan kí àdúrà tó gbà, a jẹ́ pé àwọn àpọ́sítélì ni ó kọ́kọ́ ṣi gbogbo ayé lọ́nà. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lórí àgbélébùú pàápàá, Jòhánù sọ fún wa pé èdè mẹ́ta ni a fi kọ àkọlé tí orúkọ Rẹ̀ wà nínú rẹ̀: Hébérù, Látìn àti Gíríkì.

3. Lẹ́tà tí a kọ àti fáwẹ̀lì tí a kò kọ

Àwọn Hébérù àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀ bí a ti ń ṣe. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n ń kọ, ẹni tí ó bá mọ èdè náà ni yóò fi fáwẹ̀lì sí i bí ó ti ń kà á. Ìṣòro tí èyí lè mú wá kò ṣàjèjì sí wa. Bí ẹnìkan bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ṣé igba tí a ń kà ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí a ń lò láyé, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ fún wa.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú Bíbélì tí ó ti yà mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 47:31, Jákọ́bù arúgbó tẹríba ní ìhà orí ibùsùn rẹ̀. Nínú Hébérù 11:21, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó tẹríba lórí ọ̀pá rẹ̀. Ṣé ibùsùn ni tàbí ọ̀pá? Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní. Bí a bá kà á ní "mittah", ibùsùn ni. Bí a bá kà á ní "matteh", ọ̀pá ni. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríkì kà á ní ọ̀pá, ẹni tí ó kọ Ìwé Hébérù sì tẹ̀lé wọn. Àwọn Júù ọ̀mọ̀wé tí ó wá fi àmì fáwẹ̀lì sí i ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Kírísítì kà á ní ibùsùn. Méjèèjì wà nínú Bíbélì wa títí di òní, bàbá arúgbó náà sì ń jọ́sìn nínú méjèèjì.

Orúkọ ńlá Ọlọ́run náà, lẹ́tà mẹ́rin ni, Y-H-W-H. Àwọn Júù bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi pè é jáde mọ́. Bí wọ́n bá kàn án nínú ìwé kíkà, "Adonai", èyí ni "Olúwa mi", ni wọn yóò pè. Àwọn tí ó fi àmì sí Ìwé Mímọ́ wá gbé fáwẹ̀lì Adonai ka orí lẹ́tà mẹ́rin náà, kí òǹkàwé má bàa gbàgbé. Àwọn mìíràn tí kò mọ àṣà náà ka lẹ́tà àti fáwẹ̀lì pọ̀, ibẹ̀ ni Jèhófà ti wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bú ọmọnìkejì rẹ̀ pé kò mọ orúkọ Ọlọ́run pè, kí ó rọra. Àwọn tí ó ni èdè náà pàápàá ti fi ẹnu wọn pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, "OLÚWA" tí ẹ ń rí ní lẹ́tà ńláńlá ni ó dúró fún lẹ́tà mẹ́rin náà.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́

N kò sọ pé kí á má mọ Hébérù o. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á yẹ márùn-ún wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá.

Àmín. Gbòǹgbò rẹ̀ ni kí nǹkan dúró gbọn-in, kí ó ṣeé fara tì. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni orúkọ àwọn òpó tẹ́ḿpìlì tí Hesekáyà fi wúrà bò ti jáde, nínú Àwọn Ọba Kejì 18:16. Láti inú rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí a lò fún Náómì ti wá, nígbà tí ó gbé ọmọ Rúùtù sí àyà rẹ̀ tí ó sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe Àmín ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òpó, mo fara tì í." Nínú Deutarónómì 27, ìgbà méjìlá ni Ísírẹ́lì gbọ́dọ̀ ṣe Àmín, ègún sì ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kí á máa gbọ́ ohun tí a ń ṣe Àmín sí. Olúwa wa nìkan ni ó máa ń fi í ṣíwájú ọ̀rọ̀ ara Rẹ̀. Níbẹ̀ ni Bíbélì wa ti túmọ̀ rẹ̀ sí "lóòótọ́".

Halelúyà. Ọ̀rọ̀ méjì ni: "hallelu", ẹ yìn, "Yah", ìkékúrú orúkọ Olúwa. Àṣẹ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a sì ń pa á fún. "Ẹ yìn" ni, kì í ṣe "mo yìn". Ẹni tí ó bá ń ké Halelúyà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì yin Olúwa, dà bí akéde tí ń lu agogo ọjà tí kò ní nǹkan kan láti tà. Nínú Májẹ̀mú Titun, orí kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà wà, Ìfihàn orí 19, ìgbà mẹ́rin.

Hòsánnà. Igbe ìrora ni tẹ́lẹ̀: "hoshia-na", gbà wá, jọ̀wọ́. Ó wà nínú Sáàmù 118:25. Gbòǹgbò kan náà ni òun àti orúkọ Jésù. Nígbà tí àwọn èrò Jerúsálẹ́mù ń ké e ní ọjọ́ Ọ̀pẹ, ó ti di orin ayọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ṣì wà nínú ikùn rẹ̀, Ẹni tí wọ́n ń ké e sí sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà ju bí wọ́n ti gbọ́ ara wọn lọ.

Jèhófà-jire. Ìyá àgbà mi, tí kò lọ sí ilé-ìwé, fẹ́ràn orúkọ yìí. Ó gbà pé "Jèhófà Jí-ire" ni, Ọlọ́run tí ń jí wa ní ire, gbogbo òwúrọ̀ ni ó sì fi ń dúpẹ́. Nígbà tí mo kọ́ Hébérù, mo mọ̀ pé "rí" ni gbòǹgbò rẹ̀. Orúkọ ibi kan ni, orí òkè tí Ábúráhámù ti fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Ọmọ béèrè ọ̀dọ́ àgùntàn. Baba ní Ọlọ́run yóò rí sí i. Ẹ wo bí èdè wa ti bá a mu: à ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé "Ọlọ́run yóò rí sí i". Mo sáré lọ tún ọ̀rọ̀ ṣe fún ìyá àgbà. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Ṣé bí Ó bá ń rí sí mi kọ́ ni mo fi ń jí ire?" N kò rí èsì fọ̀.

Sela. Níbi yìí ni mo ti ní láti jẹ́wọ́. Ní ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́, a ní kí n ka Sáàmù 46 ní àdúrà òwúrọ̀. Sela mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára ohùn mi ké mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín sọ. Títí tí mo fi jáde, Sela ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí, àwọn kan kò sì tíì ṣíwọ́. Olùkọ́ kan tù mí nínú pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "sinmi díẹ̀". Mo gbà á, mo sì wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibi púpọ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ Hébérù wa bi mí léèrè ẹ̀rí. N kò ní. Ìgbà 71 ni ọ̀rọ̀ náà wà nínú Sáàmù, ìgbà mẹ́ta nínú Hábákúkù. Àwọn kan ní kí á gbé ohùn tàbí ohun èlò orin sókè ni, àwọn kan ní kí á dánu dúró ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa ṣe ohun tí ó yẹ: wọ́n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a. Ọgbọ́n wà nínú kí ènìyàn mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí oníwàásù tí ó bá ní Hébérù kankan kò ṣú òun lójú.

5. Òkúta Ìrànwọ́

Níwọ̀n bí ọjọ́ àjọ̀dún ti jẹ́ ọjọ́ Ebenésérì, ẹ jẹ́ kí á wo òun náà. "Even" ni òkúta, "ezer" ni ìrànwọ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ kíyè sí i pé "ezer" yìí kan náà ni a pe obìnrin ní Jẹ́nẹ́sísì 2:18, òun náà sì ni a ń lò fún Ọlọ́run tí ń ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fún ìránṣẹ́.

Àwa a máa ka Sámúẹ́lì Kìíní orí keje, a kì í sì í padà sí orí kẹrin. Ní orí kẹrin, ẹ̀bá Ebenésérì ni Ísírẹ́lì pàgọ́ sí nígbà tí àwọn Fílístínì ṣẹ́gun wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbàajì ọkùnrin kú lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀kẹ́ kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A gba àpótí ẹ̀rí. Élì ṣubú, ó sì kú. Aya ọmọ rẹ̀ bímọ, ó pe ọmọ náà ní Íkábódì: ògo ti lọ. Ogún ọdún kọjá kí Sámúẹ́lì tó gbé òkúta rẹ̀ kalẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ tí ó ń rán àwọn ènìyàn létí ìrànwọ́ Olúwa. Orúkọ ibi ìtìjú ni ó sọ di orúkọ ọpẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ti rí orí kẹrin tirẹ̀. Àwa tí a padà wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ìjọba ti gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970 rí òrùlé tí ń jò àti ilé ìkàwé tí kò ní ìwé. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti sọ "Íkábódì" nínú ọkàn rẹ̀, a sì yí mọ́tò wa padà. Àwọn díẹ̀ kò yí padà. Àwọn ni ó kan òrùlé, tí ó ra ìwé, tí ó sì san owó ilé-ìwé ọmọ tí wọn kò mọ baba rẹ̀. Bí a bá ń kọrin ọpẹ́ ní ọjọ́ yìí, kí a rántí pé orí ilẹ̀ tí a ti ṣubú ni òkúta náà dúró sí.

6. Ìdáhùn tí mo fún arábìnrin wa

Mo bi í léèrè pé, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ àdúrà dà fún ọ? Ọfọ̀ ni." Ní ti ọfọ̀, bí a ti ń pè é ni a gbọ́dọ̀ pè é, ẹni tí ó bá ṣì í pè, kò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣe ọfọ̀. Ọmọ ni ó ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọmọ ọwọ́ bá pe baba rẹ̀ ní "Bababa", èwo ni baba tí yóò ní òun kò dáhùn títí ọmọ yóò fi mọ ohùn sí i?

Máàkù fi ẹ̀rí èyí sílẹ̀. Nígbà tí Olúwa jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, Máàkù kọ ọ̀rọ̀ tí Ó fi èdè Árámáíkì sọ sílẹ̀, "Tàlítà kúmì", ojú ẹsẹ̀ ni ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí "Éfátà", ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí igbe orí àgbélébùú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé inú ìró ni agbára wà. Ó fẹ́ kí á gbọ́ ohun tí a sọ.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ibi méjèèjì tí a kọ sí òkè ẹ̀kọ́ yìí, mo sì fi wọ́n síwájú rẹ̀ pa pọ̀. Ní ìwọdò Jọ́dánì, ènìyàn ni ó dúró tì omi pẹ̀lú idà, tí ó ní kí olúkúlùkù pe ọ̀rọ̀ bí òun ti ń pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikú ni. Ní Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ní ìlú Hébérù gan-an, láàrin àwọn tí ó gbọ́ Hébérù. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí èdè kan ṣoṣo máa wọ ọ̀run, ọjọ́ náà ni Ì bá ti sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, Pátíà gbọ́ tirẹ̀, Íjíbítì gbọ́ tirẹ̀, Líbíà gbọ́ tirẹ̀, àwọn ará Kírétè àti Árábù gbọ́ ní èdè tí a bí wọn sí. Ọlọ́run kò dúró tì ìwọdò kankan láti máa yẹ ahọ́n wò.

N kò sọ fún un pé ọmọ yóò dé ní ọdún tí ń bọ̀. N kì í ṣe wòlíì, n kò sì ní fi irọ́ ṣe ìtùnú. Mo sọ fún un pé kò sí ọ̀kan nínú àdúrà ọdún mọ́kànlá tí ó ṣòfò lórí ahọ́n rẹ̀, pé Ẹni tí Hánà bá sọ̀rọ̀ láìsí ohùn rárá, tí ètè nìkan ń mì, kò nílò kí ó wá kọ́ Hébérù kí Ó tó gbọ́ ọ. Ó sunkún. A gbàdúrà ní èdè Yorùbá. Ó fi ìwé pélébé náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì kọ ìlapa ẹ̀kọ́ yìí sí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ Hébérù bí ẹ bá láàyè. Ẹ kọ́ Gíríkì. Ẹ sì kọ́ Yorùbá yín dáadáa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ lo ìmọ̀ náà láti fi wá ìtumọ̀, kí ẹ má ṣe fi dẹ́rù ba ẹni tí kò ní i.

Fún àṣàrò:

1. Kí ni "Ṣíbólẹ́tì" tí àwa náà ń béèrè lẹ́nu ara wa nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ wa lónìí?

2. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń dáhùn ní ìsìn, èwo ni o ti ń sọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀?

3. Ibo ni "orí kẹrin" nínú ìgbésí ayé rẹ, ta ni Ọlọ́run sì lò láti gbé òkúta ìrànwọ́ kalẹ̀ níbẹ̀?

Kí Ọlọ́run tí ó ràn wá lọ́wọ́ dé àyè yìí má ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀. Kí Ó rántí àwọn tí ń wá ọmọ, kí Ó sì dá ọmọ tí ó wà sí. Àjọ̀dún yóò máa ṣojú ẹ̀mí wa. Àmín.